Fláàṣì tí wọ́n ní ó ti kú

Ọjọ́ Ajé

Alhaja gbé ẹ̀rọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú nínú Ghana-must-go, wọ́n fi àǹkárá wé e bí ẹni wé ọmọ. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi gbé e lé orí tábìlì.

"Ọmọ mi, wọ́n ní fláàṣì inú rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní kí n mú ₦35,000 wá kí wọ́n fi òmíràn sí i. Mo ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e wá fún ẹ wò."

HP t620 ni. Fún ẹni tí irú ẹ̀rọ yìí kò bá yé, thin client ni wọ́n ń pè é: kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì tó jẹ́ pé sáfà ńlá kan ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo, tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kàn jókòó síwájú síkírìnì tirẹ̀. Kò ní fáànù, kò sì ní dísìkì tó ń yí. Fláàṣì kékeré, ìyẹn chip tó ń tọ́jú fáìlì, ló wà nínú rẹ̀, 16GB nínú èyí tí Alhaja gbé wá, pẹ̀lú RAM 4GB. Nígbà tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun bá lò wọ́n tì, wọ́n á bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á sì bọ́ sórí tábìlì ní Computer Village ní Ìkẹjà. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan, inverter kékeré lè gbé wọn dòru, eruku kò sì rí fáànù tí yóò dì mọ́.

Alájọ ni Alhaja ní Òyìngbò. Èèyàn 86 ló ń dá àjọ lọ́wọ́ wọn, oníata, ẹlẹ́ja gbígbẹ, àwọn tó ń ta ike. Káàdì ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó ní ojú ilé 31, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ ti alájọ. Ọmọ wọn obìnrin ló ra ẹ̀rọ yìí fún wọn, tó sì kọ́ wọn ní LibreOffice. Wọ́n gbọ́ ọ yé. Ọjọ́ 19 ni wọ́n fi tẹ orúkọ àti owó, fáìlì náà wà lójú Desktop, wọ́n ń ṣí i láràárọ̀. Ní òru ọjọ́ ogún, inverter gbẹ. Nígbà tí iná dé tí wọ́n tan ẹ̀rọ, fáìlì ti di àwátì. Wọ́n rò pé ọmọ-ọmọ wọn ló fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe é fún ọjọ́ 8, NEPA mú iná, gbogbo rẹ̀ tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, iná kò tilẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà kàn há lọ́sàn-án, èkúté (mouse) kò rìn mọ́, wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ, wọ́n tún un tàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo bi wọ́n pé: "Alhaja, ṣé ẹ kì í pa á lálẹ́ ni?"

"Mo máa ń pa á. Ojoojúmọ́."

Mo ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń pa á hàn mí. Síkírìnì tèmi ni mo so mọ́ ọn. Wọ́n na ìka, wọ́n tẹ bọ́tìnnì síkírìnì.

Ibẹ̀ ni mo ti dẹ́kun ríronú nípa fláàṣì tuntun. Ẹ̀rọ tí kò ní fáànù kì í dún. Tí síkírìnì bá ti ṣú, kò sí ẹni tí kò ní gbà pé ó ti sùn. Ọjọ́ 19 gbáko ni ẹ̀rọ náà fi wà lójú iná láìkú lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ wà níbẹ̀ títí tó fi kú, àárọ̀ tó sì jí, ó jí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Fláàṣì tó ń kú kì í sábà ṣe báyìí. Yóò jẹ fáìlì kan, yóò fi òmíràn sílẹ̀. Windows yóò máa kígbe. Ẹ̀rọ lè má tilẹ̀ gbéra. Kì í mú ilé padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ ìṣílé, kí ó sì tún tún un ṣe nígbà mẹ́ta léraléra.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi èyí nìkan búra, torí fláàṣì mìíràn wà tó jẹ́ pé tí ọjọ́ ogbó bá dé, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìkọ̀wé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ á rò pé òun ti kọ nǹkan síbẹ̀, kò sí ohun tó dé ibẹ̀. Nítorí náà afurasí méjì ni mo ní, mo sì sọ fún Alhaja pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mélòó kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òfin tèmi ni pé kí n ya ẹ̀dà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ti rí i tí èèyàn "tún" dísìkì oníbàárà ṣe títí tí kò fi sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà padà níbẹ̀ mọ́. Mo fi Linux sórí fláàṣì USB, mo tẹ F9 bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn kí n lè yàn án, mo sì so dísìkì àfikún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò mount (ìyẹn ṣí) pátíṣọ̀n kankan, ìpín orí dísìkì.

lsblk, àṣẹ tó ń to dísìkì, sọ pé sda, fláàṣì náà, jẹ́ 14.9G, pátíṣọ̀n kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀, NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì nípa 14.9 nígbà tí wọ́n kọ 16 sára rẹ̀, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan: báìtì 16,013,942,784 ni, ilé iṣẹ́ ń fi ẹgbẹ̀rún pín in, Linux ń fi 1024 pín in.

ddrescue -d /dev/sda alhaja1.img alhaja1.map

Ìṣẹ́jú 9 ni ẹ̀dà náà gbà. Àṣìṣe kíkà: òdo. Láti orí báìtì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kò sí ibi tí fláàṣì náà ti kọ̀ láti fèsì. smartctl, tó ń ka àkọsílẹ̀ ìlera dísìkì, náà kò ní ẹ̀sùn kankan: sẹ́kítọ̀ (ègé kékeré tí wọ́n pín dísìkì sí) tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, òdo, wákàtí tó ti fi wà lójú iná, 21,406. Wákàtí náà pọ̀, bí ẹni fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́ fún ọdún 7 láìsinmi. Kí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ má ní ojú àpá kan lára, nǹkan kan ti ń dáàbò bò ó. Mo kọ èyí sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí.

Lẹ́yìn náà mo ka ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Ní Èkó níbí, kí o tó san owó ilẹ̀, wàá ní kí wọ́n mú survey wá: níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí, ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dísìkì náà ní tirẹ̀. Nínú MBR, sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló wà, báìtì 512 péré. Láti orí báìtì 446 ni tábìlì pátíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀: ìlà mẹ́rin, báìtì 16 fún ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà báìtì méjì, 55 àti AA, tó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni.

xxd -s 446 -l 64 alhaja1.img

000001be: 8020 2100 07fe ffff 0008 0000 00d0 dc01

Ìlà mẹ́ta yòókù, òfo ni wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ wo ìlà kan yìí pẹ̀lú mi, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò tíì rí i rí láìjẹ́ pé software kan ya àwòrán rẹ̀ fún wa. 80 tó ṣíwájú ń sọ pé ibí ni ẹ̀rọ yóò ti gbéra. 07 ní àárín ni irú rẹ̀, èyí tí NTFS ń lò. 0008 0000, ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, báìtì kọ̀ọ̀kan: 00 00 08 00, ìyẹn 2048 tí a bá kà á ní hex, oǹkà onímẹ́rìndínlógún. Sẹ́kítọ̀ 2048 ni ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, megabyte kan géérégé láti etí dísìkì. Mẹ́rin tó kẹ́yìn, tí a bá yí wọn padà, di 01 DC D0 00: sẹ́kítọ̀ 31,248,384. Gbogbo dísìkì jẹ́ 31,277,232. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn pátíṣọ̀n jẹ́ sẹ́kítọ̀ 26,800, bíi 13MB, ilẹ̀ tí kò ní olówó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀: òdo ni gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ òfo yẹn ni mo fi dán afurasí àkọ́kọ́ wò.

printf 'SOMOLU' | dd of=/dev/sda bs=512 seek=31260000 conv=fsync

Mo fa wáyà iná yọ lẹ́yìn rẹ̀, láìpa ẹ̀rọ lọ́nà tó tọ́, bí NEPA ṣe máa ń ṣe é. Mo jẹ ẹ̀wà, mo padà, mo tan Linux, mo ka sẹ́kítọ̀ kan náà:

534f 4d4f 4c55

SOMOLU. Ó dúró síbẹ̀. Fláàṣì tó gba orúkọ tí ó sì dì í mú lẹ́yìn tí iná lọ kò kú. Mo fi òdo pa á rẹ́ kí ilẹ̀ náà lè wà bí mo ṣe bá a.

Ọjọ́rú

Afurasí kejì. Mo jẹ́ kí Windows gbéra fúnra rẹ̀. Windows Embedded Standard 7 ni, ó wọlé tààrà gẹ́gẹ́ bí "User" láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. LibreOffice wà níbẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, àmì àgádágodo kékeré kan wà, aláwọ̀ ewéko. Alhaja ti ń wò ó láti oṣù yìí wá.

Mo kọ fáìlì kan sójú Desktop, IDANWO.txt, mo pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ, mo sì fi Linux ya ẹ̀dà kejì, alhaja2.img. Mo wá fi ọ̀kan wé èkejì, báìtì sí báìtì:

cmp -l alhaja1.img alhaja2.img | wc -l

61.

Nínú báìtì bílíọ̀nù 16, 61 péré ló yàtọ̀. Windows tàn, mo kọ fáìlì, mo ṣí LibreOffice, mo pa á, 61. Kọ̀ǹpútà lásán yóò ti yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́kítọ̀ padà kí ó tó fi Desktop hàn tán. Mo lo ntfscluster láti wá fáìlì tó ni 61 náà: bootstat.dat ni, ìwé kékeré tí boot manager, ètò tó ń gbé ẹ̀rọ dìde, máa ń kọ fúnra rẹ̀ kí Windows tó jí. Orúkọ IDANWO kò sí níbì kankan. Mo fi strings -el wá a jákèjádò ẹ̀dà náà, torí NTFS máa ń kọ orúkọ fáìlì ní báìtì méjì méjì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá lo strings láìfi -el sí i, ẹ ò ní rí i kódà tó bá wà níbẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan kan dúró láàárín Windows àti fláàṣì, tó ń gba gbogbo ìkọ̀wé sọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo jáde kúrò nínú "User", mo di Shift mú kí ó má bàa wọlé padà fúnra rẹ̀, mo wọlé gẹ́gẹ́ bí Administrator, mo sì tẹ ewfmgr c: sínú fèrèsé dúdú. Ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí mo ń wá: State, ENABLED.

Enhanced Write Filter ni wọ́n ń pè é, EWF. Asẹ́ ni mo máa pè é níbí. Ohun tó ń ṣe ni pé nígbàkigbà tí Windows bá fẹ́ kọ nǹkan sórí C:, asẹ́ yìí yóò gbà á, yóò kọ ọ́ sínú RAM, yóò sì sọ fún Windows pé ó ti wà ní dísìkì. Tí Windows bá padà wá kà á, láti inú RAM ni yóò ti mú un jáde fún un. Windows kò mọ ìyàtọ̀, ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ kò mọ̀. Ọjọ́ tí iná bá kúrò lára RAM, gbogbo rẹ̀ parẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi há lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú: bí ẹ̀rọ bá ti ń pẹ́ láìkú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí asẹ́ kó sọ́wọ́ ń pọ̀ sí i, títí RAM fi kún.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó sọ pé ohun burúkú ni. Fláàṣì NAND, èyí tí Fujio Masuoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Toshiba ní àwọn ọdún 1980, ní ìwà kan tí kò lè yí padà: èèyàn lè kọ ọ́ ní ojú ewé kékeré, ṣùgbọ́n kò lè pa ojú ewé kan ṣoṣo rẹ́, odidi búlọ́ọ̀kù tó kó ojú ewé púpọ̀ pọ̀ ni yóò pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Pípa-rẹ́ yẹn ló ń jẹ ẹ́ lára. Irú SLC lè fara dà á ní nǹkan bí 100,000 ìgbà; MLC, ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Windows kì í sì sinmi, kódà nígbà tí o kò bá fọwọ́ kàn án, ó ń kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀. Ẹ fi èyí sórí fláàṣì kékeré, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọdún 7 ní ọ́fíìsì, ẹ ó rí i pé láìsí asẹ́, sẹ́kítọ̀ òdo tí smartctl fi hàn mí kò ní jẹ́ òdo. Asẹ́ ló dáàbò bo fláàṣì Alhaja láti ọ́fíìsì òkèèrè títí dé Òyìngbò. Ọ́fíìsì náà sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parẹ́ láràárọ̀. Fáìrọ́ọ̀sì tó bá wọlé lánàá, tó bá di òwúrọ̀, kò sí mọ́.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ yìí fi LibreOffice sí i nígbà tí asẹ́ wà ní pípa, ó sì tàn án padà bó ṣe bá a. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ohun tí kò ṣe ni pé kò sọ fún ọmọbìnrin tó rà á, ìyẹn sì dùn mí, torí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ì bá ti gba Alhaja lọ́wọ́ iṣẹ́ oṣù kan.

Mo pe Alhaja ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ṣàyẹ̀wò fún orúkọ fáìlì àjọ wọn nínú alhaja1.img, ẹ̀dà tí mo yà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mi ò wá orúkọ àwọn oníbàárà wọn, torí fáìlì LibreOffice jẹ́ zip, ohun inú rẹ̀ ti fún pọ̀, orúkọ èèyàn kò ní hàn síta. Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, nínú MFT (ìwé tí NTFS ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì sí), ni ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé. Ká ní ó hàn lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti tó fún mi láti lépa rẹ̀. Kò hàn rárá. Kò dé orí fláàṣì rí láé.

Mo bi wọ́n pé: "Alhaja, ẹ rántí wàláà nílé kéwú?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní rántí?"

"Wàláà ni ẹ ti ń kọ ọ́ sí láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ. Tírà gangan wà nílẹ̀, a kò jẹ́ kí ẹ kọ sínú rẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa. Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, kó má lọ mọ́."

Ọjọ́bọ̀

Ohun tó rọrùn jù ni kí n pa asẹ́ pátá. Mo rò ó, mo sì kọ̀. Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn (extended support) fún Windows Embedded Standard 7 dúró láti October 2020. Ẹ̀rọ tí kò ní rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, tí ọmọ-ọmọ máa ń ki USB oríṣiríṣi bọ̀, ó sàn kí C: rẹ̀ máa tún ara rẹ̀ ṣe láràárọ̀. Mo ronú nípa Linux náà, ṣùgbọ́n Alhaja ti mọ ibi tí nǹkan wà lójú Windows yìí, ọgbọ́n tí wọ́n fi oṣù kan kọ́ kò yẹ kó tún ṣòfò. Pátíṣọ̀n ni EWF ń dáàbò bò, kì í ṣe odidi dísìkì. Tí mo bá gé C: kúrú, tí mo sì dá D: sílẹ̀, C: yóò wà lábẹ́ asẹ́, D: yóò wà ní gbangba fún iṣẹ́ àjọ.

Mo lo GParted, ètò tó ń pín dísìkì, láti inú Linux, níbi tí asẹ́ kò lè dé, torí inú Windows nìkan ló ń gbé. C: di 10GB. D: gba ìyókù, NTFS, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ààlà megabyte kí ojú ewé fláàṣì má bàa pín sí méjì. Tábìlì tuntun:

000001be: 8020 2100 07fe ffff 0008 0000 0000 4001
000001ce: 00fe ffff 07fe ffff 0008 4001 0038 9d00

Mo tan Windows. Ó ní òun fẹ́ yẹ C: wò, chkdsk, èyí tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé NTFS. Ó parí, kò rí àléébù, ó tún gbéra. Ó tún ní òun fẹ́ yẹ C: wò. Ó parí. Ó tún ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà mẹ́rin ni mo jókòó wo èyí kó tó yé mi, àṣìṣe tèmi sì ni. Nígbà tí GParted gé C:, ó fi àmì sí i pé "ẹ yẹ èyí wò". chkdsk ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń pa àmì náà rẹ́, ṣùgbọ́n asẹ́ ṣì wà ní títàn, inú RAM ló ti ń pa á rẹ́. Lórí fláàṣì, àmì náà wà níbẹ̀ bí òkúta. Èmi tí mo ti fi ọjọ́ méjì ṣàlàyé asẹ́ yìí ni mo gbàgbé láti pa á kí n tó gé ilẹ̀. Ẹ pa á kí ẹ tó gé e. Mo jẹ́ kí chkdsk parí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wọlé gẹ́gẹ́ bí Administrator:

ewfmgr c: -commitanddisable

Mi ò lo -disable lásán. Irú EWF tó wà nínú èyí ń tọ́jú ètò ara rẹ̀ sínú registry (ìwé tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí), registry wà lórí C:, C: wà lábẹ́ asẹ́, àṣẹ tó ń pa á yóò bá wàláà lọ. commitanddisable ń kọ ohun tó wà nínú RAM sórí fláàṣì nítòótọ́, kó tó pa á. Mo tún ẹ̀rọ tàn, àgádágodo di pupa, chkdsk kò dé mọ́.

Bí asẹ́ ṣe wà ní pípa, mo ṣe ìyókù kíákíá. Mo gbé Documents lọ sí D:, mo sọ fún LibreOffice pé D: ni ibi ìfipamọ́ àti ibi ẹ̀dà-àtúngbà, mo yọ Documents ti C: kúrò lójú Alhaja kí ó má bàa sí ọ̀nà méjì. Mo yí bọ́tìnnì iwájú ẹ̀rọ padà kí ó máa pa ẹ̀rọ gan-an tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ewfmgr c: -enable, mo tún un tàn, àgádágodo padà di aláwọ̀ ewéko.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìdánwò. Mo kọ gbólóhùn kan sínú Notepad, mo fi pamọ́ sí D:, mo ka 1 dé 30, mo fa wáyà yọ. Linux, ẹ̀dà, xxd. Fáìlì kékeré bí èyí kì í gba ilẹ̀ tirẹ̀ lórí NTFS. Inú àkọsílẹ̀ MFT, tó jẹ́ báìtì 1024, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà mo wá ibi tí orúkọ wà, mo sún sísàlẹ̀ díẹ̀ láti FILE0 tó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà:

4979 6120 4f79 696e 6762 6f20 7361 6e20  Iya Oyingbo san

2000 wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó. Ó fi ìka tọ síkírìnì, ó kà á sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an rèé." Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an rèé, lórí fláàṣì tí wọ́n fẹ́ gba ₦35,000 lé lórí.

Mo tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí mo fa wáyà yọ ní kété tí mo fi pamọ́ tán, láìka nǹkan kan. Fáìlì kò sí níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ asẹ́. Windows fúnra rẹ̀ máa ń di ìkọ̀wé mú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó tó tì í lọ sí dísìkì. Mo lọ sí Device Manager, mo yọ àmì kúrò níwájú ìdúró-ìkọ̀wé (write caching) ti fláàṣì náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú asẹ́ ní pípa kí n tó ṣe é. Ìyẹn dín ewu náà kù, ṣùgbọ́n kò mú ìdúró ti Windows kúrò. Ẹ̀rọ á lọ́ra díẹ̀ tó bá ń fi nǹkan pamọ́. Alhaja kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo gbé e lọ sí Òyìngbò fúnra mi. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja wà ní ẹ̀yìn àwọn oníke, yàrá tóóró tó ní àga méjì. Mo so ó mọ́ síkírìnì wọn, mo sì lẹ bébà mọ́ iwájú rẹ̀: BỌ́TÌNNÌ YÌÍ NI Ẹ FI Ń PA Á, KÌ Í ṢE TI SÍKÍRÌNÌ. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kan yóò bọ́ sórí USB tí wọ́n á mú lọ sílé. Mo fi ẹ̀dà náà sábẹ́ àmì kan lójú Desktop kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Fláàṣì yẹn ti dàgbà, 21,406 wákàtí kì í ṣe eré, àti láti òní lọ, D: kò ní asẹ́ mọ́.

Alhaja ṣí Ghana-must-go kan náà. Káàdì ni ó kún inú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọ wọn ń kà, wọ́n ń tẹ̀. Kí n tó kúrò, wọ́n ti tẹ 14. Wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n wo àgádágodo aláwọ̀ ewéko ní igun, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì iwájú ẹ̀rọ fúnra wọn. Ó kú. Wọ́n tún un tàn, wọ́n ṣí fáìlì. 14 ṣì wà.

Káàdì mẹ́fà ti ojú ilé wọn ṣófo lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ há ni ó kù. Owó ọjọ́ yẹn, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, wọn ò fọwọ́ sí káàdì. Alhaja ní àwọn yóò lọ bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ Ajé, kí oníkálukú sọ iye tó san.